Ìrìnàjò Ọjọ́ Kan sí Erédò àti Òkè-Èrí: Kí Ni Músùlùmí Ń Lọ Wò Níbẹ̀?

Bismillāhir-Rahmānir-Rahīm.

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó dá sánmà àti ilẹ̀, tí ó tẹ́ ilẹ̀ fún wa kí á lè máa rìn lórí rẹ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipa wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.



Ẹ̀kọ́ tòní jáde láti inú ìbéèrè tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa ń gbé wá sí ìjókòó ẹ̀kọ́ wa ní Sábó. Bí ìsinmi bá ti dé, àwọn ọ̀dọ́ á dá owó jọ, wọn á háyà bọ́ọ̀sì, wọn á sì lọ wo ìlú àtijọ́ kan kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ibi tí wọ́n máa ń dárúkọ jù ni Erédò ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, àti Òkè-Èrí lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí wọ́n ní sàréè Bílíkísù Súngbọ́ wà. Àwọn kan ń bèèrè pé: ǹjẹ́ ó tọ́ kí músùlùmí lọ síbẹ̀? Àwọn mìíràn ní: ṣé ọbabìnrin tí Alùkùránì sọ ìtàn rẹ̀ ni wọ́n sin síbẹ̀ lóòótọ́? Àwọn ẹlẹ́ẹ̀kẹta ní: bí a bá lọ, báwo ni a ó ṣe kírun? Ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yẹ ní bíbèèrè. A ó dáhùn wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda Ọlọ́hun.

1. Ìrìn tí Ọlọ́hun fẹ́

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹ̀sìn wa kò kọ ìrìnàjò láti lọ wo ohun tí àwọn ará ìṣáájú fi sílẹ̀. Ẹ wo Sūratu Āli ‘Imrān āyah 137, Sūratul An‘ām āyah 11 àti Sūratul ‘Ankabūt āyah 20. Níbẹ̀ ni Ọlọ́hun ti pa á láṣẹ pé kí ènìyàn rìn lórí ilẹ̀ kí ó sì wò. Nínú Sūratur Rūm āyah 9, Ó rán wa létí àwọn tí ó ti wà ṣáájú, tí agbára wọn ju ti àwọn tí ó dé lẹ́yìn wọn lọ, tí wọ́n ro ilẹ̀, tí wọ́n sì kọ́lé sórí rẹ̀. Nínú Sūratul Hajj āyah 46, Ó jẹ́ kí á mọ̀ pé èrè ìrìn bẹ́ẹ̀ ni kí ọkàn lè ní òye, nítorí ojú lè là kí ọkàn fọ́.

Nǹkan mẹ́ta ni ó tò léra wọn nínú àwọn āyah wọ̀nyí: ìrìn, wíwò, àti ìrònú. Ẹni tí ó rìn tí kò wò, owó mọ́tò rẹ̀ ti ṣòfò. Ẹni tí ó wò tí kò ronú, afẹ́fẹ́ lásán ló lọ gbà.

Ànábì wa (s.a.w.) pẹ̀lú kọ́ wa bí a ṣe ń kọjá ní irú ibẹ̀. Nígbà ìrìnàjò Tabūk, ní ọdún 9 lẹ́yìn Hijira, òun àti àwọn sàábé rẹ̀ kọjá ní Hijr, ìlú àwọn Thamūd tí wọ́n gbẹ́ ilé sínú àpáta. Hadīth tí Bukhārī gbà wá sọ fún wa pé ó kìlọ̀ kí wọ́n má ṣe wọ ibùgbé àwọn tí wọ́n ṣe àbòsí fún ara wọn náà, àfi pẹ̀lú ẹkún, ó sì yára kọjá. Ìyẹn ni pé ibi àtijọ́ kì í ṣe ibi eré lásán fún onígbàgbọ́.

Ẹ wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Sípéènì. Lójoojúmọ́ ni bọ́ọ̀sì ń kó àwọn arìnrìnàjò lọ sí Kọ́dóbà, Tòlédò àti Gìránádà fún ọjọ́ kan péré, tí afinimọ̀nà á máa ṣáájú wọn láti òpó dé òpó. Mọ́ṣáláṣí ńlá Kọ́dóbà tí ‘Abdur-Rahmān kìíní bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ọdún 785 ṣì dúró níbẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọdún 1236 ni ó ti di ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ọdún 1492 ni Gìránádà, ìlú ìkẹyìn tí músùlùmí ń ṣe ìjọba lé lórí níbẹ̀, bọ́ sí ọwọ́ ọba kìrìsìtẹ́ẹ́nì. Lónìí músùlùmí lè ra tíkẹ́ẹ̀tì wọ inú mọ́ṣáláṣí Kọ́dóbà, ṣùgbọ́n wọn kò ní gbà fún un kí ó kírun níbẹ̀. Ènìyàn méjì lè wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ kan náà: ọ̀kan á ya fọ́tò, á lọ; èkejì á bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ó gba ìlú náà lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín. Afinimọ̀nà kan náà ló mú wọn rìn. Ohun tí olúkúlùkù gbé wá nínú orí ni ó mú kí èrè wọn yàtọ̀. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí kí bọ́ọ̀sì tó gbéra.

2. Kí ni Erédò?

Erédò jẹ́ yàrà ńlá tí àwọn baba ńlá àwọn ará Ìjẹ̀bú gbẹ́ yí ilẹ̀ wọn ká. Bí wọ́n ti ń wa yẹ̀pẹ̀ jáde nínú yàrà ni wọ́n ń kó o jọ sí apá inú, tí ó fi di odi gíga. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 160. Èyí ju ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lọ. Ní àwọn ibòmíràn, bí a bá wọ̀n ọ́n láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi, ó tó mítà 20, ìyẹn ju ilé alájà márùn-ún lọ. Kò sí katakata nígbà náà. Ọwọ́ ọmọ ènìyàn, ọkọ́ àti agbọ̀n ni.

Ẹni tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀ á rí i pé ara odi náà tutù, ewédò bò ó, àwọn igi sì na ẹ̀ka bò ó lókè. Ọ̀nà mọ́tò ti gé e kọjá ní ibi kan àti òmíràn, igbó sì ti bo ibi púpọ̀.

Kì í ṣe òní ni ayé ti gbọ́ nípa ìlú olódi yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 16, Duarte Pacheco Pereira, ará Pọtogí, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìlú ńlá kan tí ó pè ní Geebuu wà ní apá ibí yìí, tí yàrà ńlá yí i ká. Ní ọdún 1995, wọ́n fi orúkọ Erédò sínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà ń fẹ́ kí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé. Ní ọdún 1999 ni òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun, nígbà tí Patrick Darling, onímọ̀ ìwalẹ̀ ará ìlú Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìwádìí rẹ̀ jáde.

Nípa ọjọ́ orí rẹ̀, àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò. Àwọn kan gbé e sí nǹkan bí ọdún 800 sí 1000 lẹ́yìn ìbí Ànábì ‘Īsā. Ìwádìí tí Gérard Chouin àti Olanrewaju Lasisi ṣe lẹ́yìn náà fà á sún mọ́ wa, sí òpin ọ̀rúndún 14 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 15. Èyí tí a bá mú nínú méjèèjì, ohun àgbàyanu ni. Ó fi hàn pé àwọn baba wa ní ìjọba, ní ètò, ní òṣìṣẹ́ púpọ̀, kí òyìnbó kankan tó gúnlẹ̀ sí etí òkun wa. Ọ̀dọ́ tí ó bá gbà pé inú igbó lásán ni a ti wá, kí ó lọ dúró sí ìsàlẹ̀ Erédò kí ó gbójú sókè.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé obìnrin olówó kan tí ń jẹ́ Súngbọ́ ni ó ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Wọ́n ní opó ni, kò sì bímọ, ó wá fẹ́ fi ohun kan sílẹ̀ tí àwọn ènìyàn yóò fi máa rántí òun. Sàréè rẹ̀ ni wọ́n ní ó wà ní Òkè-Èrí. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀.

3. Ṣé Bílíkísù tí Ànábì Sulaimān ránṣẹ́ sí ni?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà bẹ́ẹ̀, afinimọ̀nà mìíràn á sì fi ìdánilójú sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kàwé gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ̀rọ̀ wò kí ó tó gbé e mì. Ẹ gbọ́ ẹ̀rí mẹ́rin.

Èkíní, orúkọ. Ìtàn ọbabìnrin náà wà nínú Sūratun Naml, láti āyah 20 dé 44. Ẹ kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ kò ní rí orúkọ Bilqīs níbẹ̀. Àwọn onítumọ̀ Alùkùránì ni wọ́n dá orúkọ náà fún un. Kò sí àléébù nínú pé kí á pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a kò lè fi orúkọ nìkan ṣe ẹ̀rí.

Èkejì, ibùgbé. Saba’ ni Alùkùránì pe ìlú rẹ̀. Yẹmẹ́nì ni Saba’ wà, Ma’rib sì ni olú ìlú rẹ̀. Ìdídò ńlá tí wọ́n mọ níbẹ̀ ní àwókù títí di òní. Sūratu Saba’ āyah 15 àti 16 sọ̀rọ̀ ọgbà wọn méjèèjì àti àgbàrá tí ó gbé e lọ.

Ẹ̀kẹta, àkókò. Àwọn onímọ̀ ìtàn gbé ìgbà Ànábì Sulaimān sí nǹkan bí ọ̀rúndún kẹwàá ṣáájú ìbí Ànábì ‘Īsā. Bí a bá mú ọjọ́ orí Erédò tí ó pẹ́ jù nínú èyí tí àwọn onímọ̀ dá, nǹkan bí ọdún 1700 ló wà láàrín wọn. Bí a bá sì mú ìwádìí tuntun, ó ju ọdún 2300 lọ. Ẹnì kan kò lè gbé nínú ìgbà méjèèjì.

Ẹ̀kẹrin, bí orúkọ náà ṣe dé. Bílíkísù kì í ṣe orúkọ tí ẹnikẹ́ni ń sọ ọmọ ní ilẹ̀ Yorùbá kí Ìsìláàmù tó dé. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ìparí ọ̀rúndún 19 ni ẹ̀sìn wa ṣẹ̀ṣẹ̀ rinlẹ̀, pàápàá lẹ́yìn ogun Ìmágbọ̀n ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú tí ọ̀nà sì là. Súngbọ́ ni orúkọ àtijọ́. Ó jọ pé nígbà tí àwọn ènìyàn gbọ́ ìtàn obìnrin ọlọ́lá kan nínú Alùkùránì, wọ́n rántí obìnrin ọlọ́lá tiwọn, wọ́n sì so orúkọ méjèèjì pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí ó yé wa dáadáa: a kò sọ pé Súngbọ́ kò gbé ayé rí, a kò sì fi àwọn ará Òkè-Èrí ṣe ẹlẹ́yà. Ìtàn ìlú wọn ni, ó sì yẹ kí á bọ̀wọ̀ fún un. Ohun tí à ń sọ ni pé a kò gbọdọ̀ gbé e lé Alùkùránì lórí. Súngbọ́ kò nílò adé ẹlòmíràn. Bí ó bá jẹ́ pé òun ni ó gbẹ́ Erédò, ìyẹn nìkan tó láti sọ ọ́ di ẹni ńlá.

4. Ẹ̀kọ́ tí ó wà lára ọbabìnrin Saba’

Ẹ̀yin arábìnrin wa, ẹ fetí sí èyí, nítorí obìnrin tí Ọlọ́hun fi ọgbọ́n rẹ̀ hàn wá ni. Nígbà tí ìwé Ànábì Sulaimān dé ọwọ́ rẹ̀, kò bínú, kò sì gbéra ga. Ó pe àwọn ìjòyè rẹ̀ jọ, ó gba ìmọ̀ràn. Wọ́n ní alágbára ni àwọn, ogun kò ba àwọn lẹ́rù. Òun mọ ohun tí ogun máa ń sọ ìlú dà, ó sì fi ẹ̀bùn dán Sulaimān wò láti mọ̀ bóyá owó ló ń wá. Nígbà tí ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju owó lọ, ó dìde, ó lọ fúnra rẹ̀. Nígbà tí òdodo hàn sí i, ó gbà á, ó sì jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún Ọlọ́hun Ọba gbogbo ẹ̀dá pẹ̀lú Sulaimān.

Kí ni ó fi sílẹ̀? Oòrùn ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń forí balẹ̀ fún tẹ́lẹ̀. Ó fi ẹ̀dá sílẹ̀, ó gba Ẹlẹ́dàá mú. Gbogbo ẹ̀kọ́ ìtàn náà nìyẹn. Ẹ wá wo ohun tí àwọn kan ń ṣe lónìí: wọ́n ń wọ mọ́tò lọ sí sàréè tí wọ́n pè mọ́ orúkọ obìnrin yìí kan náà, wọ́n ń tọrọ ọmọ níbẹ̀, wọ́n ń tọrọ ọlà, wọ́n ń jẹ́ ẹ̀jẹ́. Músùlùmí wà nínú wọn. Wọ́n sọ orúkọ ẹni tí ó sá fún ẹbọ di ọ̀nà ẹbọ.

Ẹ tún rò ó síwájú. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ fúnra rẹ̀ ni pé Súngbọ́ kò bímọ. Ẹni tí kò rí ọmọ bí pẹ̀lú gbogbo ọlà rẹ̀ nígbà tí ó wà láàyè, báwo ni yóò ṣe fún ẹlòmíràn lọ́mọ nígbà tí ó ti di ará ilẹ̀? Sūratush Shūrā āyah 49 àti 50 ti ṣe àlàyé: Ọlọ́hun ni ó ń fún ẹni tí Ó bá fẹ́ ní ọmọbìnrin, tí ó ń fún ẹni tí Ó bá fẹ́ ní ọmọkùnrin, Òun náà ni ó sì ń sọ ẹni tí Ó bá fẹ́ di àgàn. Ànábì Zakariyyā darúgbó, ìyàwó rẹ̀ yàgàn, síbẹ̀ kò lọ sí sàréè ẹnikẹ́ni. Ọlọ́hun ni ó ké pè, Ọlọ́hun sì fún un ní Yahyā.

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọmọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré ní ilé wa. Ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé ni ìyá ọkọ àti àwọn aládùúgbò ti fi ọ̀rọ̀ gún lọ́kàn títí tí kò fi mọ ibi tí yóò forí lé. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi irú arábìnrin bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ bí ẹ bá gbọ́ pé ó fẹ́ lọ. Ẹ sún mọ́ ọn. Ẹ bá a ṣe adua. Ẹ gbà á níyànjú kí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ lọ rí dókítà, nítorí kì í ṣe ara obìnrin nìkan ni àìrọ́mọbí ti ń wá. Ẹni tí ó bá rí ìrànlọ́wọ́ láàrín àwa músùlùmí kò ní wá a lọ sí ẹ̀bá sàréè.

5. Bí a bá dé ibi sàréè

Ànábì (s.a.w.) kọ ìbẹ̀wò sàréè fún àwọn sàábé ní ìbẹ̀rẹ̀, ó wá yọ̀ǹda rẹ̀ nígbà tí ó yá, nítorí pé ó ń rán ènìyàn létí ikú. Muslim gba hadīth yìí wá. Nínú hadīth mìíràn tí Bukhārī àti Muslim gbà wá, ó ní a kò gbọdọ̀ di ẹrù ìrìnàjò nítorí àtiṣe ìjọsìn ní ibi kan pàtó àfi sí mọ́ṣáláṣí mẹ́ta: ti Mọ́kà, ti Mọ̀dínà, àti ti Jẹrúsálẹ́mù. Báyìí ni ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ṣe túmọ̀ rẹ̀. Ìyàtọ̀ wà nínú ìrìn méjèèjì. Bí àníyàn rẹ bá jẹ́ láti lọ wo Erédò kí o sì kọ́ ìtàn, kò sí ohun tí ó kọ ọ́. Bí àníyàn rẹ bá jẹ́ láti lọ gba alubáríkà lára sàréè, jókòó sí Sábó, ó sàn fún ọ.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá dé ibẹ̀:

Kí ó má kírun sí ìdí sàréè, kí ó má sì fi ọwọ́ ra á.
Kí ó má bu yẹ̀pẹ̀ tàbí já ewé ibẹ̀ wá sílé.
Kí ó má pa ẹran, kí ó má jẹ́ ẹ̀jẹ́, kí ó má ju owó síbẹ̀ fún ìtọrọ.
Kí ó má bá ẹnikẹ́ni jà. Kí ó kí àwọn àgbà ìlú, kí ó gba àṣẹ kí ó tó wọlé.

Owó iṣẹ́ tí a bá fún afinimọ̀nà jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀, kì í ṣe ẹbọ. Bí ó bá sọ ìtàn tí a mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí amíru wa ṣe àlàyé nínú bọ́ọ̀sì.

6. Ètò ìrìnàjò

Amíru: Sunna ni kí àwọn tí wọ́n bá tó mẹ́ta nínú ìrìnàjò yan ọ̀kan ṣe olórí. Kí ẹ yàn án kí ẹ tó wọ bọ́ọ̀sì, kí ẹ sì gbọ́ tirẹ̀. Kí gbogbo yín ka adua ìgun nǹkan tí ó wà nínú Sūratuz Zukhruf, āyah 13 àti 14.

Àkókò: Ẹ kí Subhi tán kí ẹ gbéra. Ọ̀nà Ìbàdàn ni ẹ ó gbà dé Ṣàgámù kí ẹ tó yà sí ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹni tí ó bá pẹ́ kó sínú gó-síló kò ní rí ohun tí ó lọ wò. Ẹ yẹra fún ọjọ́ Jímọ̀. Sátidé ló dára jù.

Ìrun: Ní mazhab Mālik tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀lé, ìrìn tí a fi ń dín ìrun kù jẹ́ máìlì 48, ìyẹn ju kìlómítà 75 lọ. Láti Sábó dé Ìjẹ̀bú-Òde kọjá bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti jáde kúrò láàrín ilé ìlú, Zuhr di rak‘ah méjì, ‘Asr di rak‘ah méjì. Subhi àti Magribi kì í dín kù. Bí ẹ bá wọ mọ́ṣáláṣí ní Ìjẹ̀bú-Òde tí ẹ kírun lẹ́yìn lèmọ́mù ìlú, ẹ ó kí i pé mẹ́rin bí tirẹ̀. Bí ẹ bá ti padà dé Sábó, ìrun yín ti di pípé. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìrìnàjò ẹ̀kọ́ pàdánù ìrun dandan. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, àdánù ni ó rà bọ̀.

Àwọn arábìnrin: Hadīth wà lórí pé kí obìnrin onígbàgbọ́ má rin ìrìnàjò ọ̀sán kan àti òru kan láìsí mahram, ìyẹn ọkọ rẹ̀, tàbí baba, tàbí arákùnrin rẹ̀ tí kò lè fẹ́ ẹ. Ìrìn wa kì í sun mọ́jú, ṣùgbọ́n ọ̀nà Èkó kò ṣe é fọwọ́ sọ̀yà pé a ó dé lásìkò. Kí arábìnrin tí ó bá ń lọ mú mahram rẹ̀ dání, kí àwọn obìnrin sì ní apá tiwọn nínú bọ́ọ̀sì.

Ẹni tí kò bá rí mahram kò ní pàdánù ẹ̀kọ́. Ìtàn wà nítòsí, láàrín Èkó. Láti Sábó, ẹ gba Ìdúmọ̀tà lọ sí mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey. Mohammed Shitta, ẹni tí a bí sí Sàró, ni ó fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ. Ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1894 ni wọ́n ṣí i. Abdullah Quilliam wá láti Liverpool gẹ́gẹ́ bí aṣojú Sultan Abdul Hamid kejì ti ilẹ̀ Tọ́kì, ó sì gbé oyè Bey wá fún Shitta. Ọwọ́ João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Bùràsílì bọ̀, ló wà nínú iṣẹ́ kíkọ́ rẹ̀. Wákàtí díẹ̀ ti tó fún ìrìn náà, a kì í sì í dín ìrun kù nínú rẹ̀. Súngbọ́ fẹ́ kí ayé rántí òun, ó fi yàrà sílẹ̀. Shitta fi ilé ìrun sílẹ̀, ẹ̀san rẹ̀ sì ń lọ bá a nínú sàréè níwọ̀n ìgbà tí ènìyàn bá ṣì ń forí kanlẹ̀ níbẹ̀.

Ìbéèrè fún ìjókòó ẹ̀kọ́

1. Dárúkọ āyah mẹ́ta tí ó pe ènìyàn sí ìrìn àti ìrònú.
2. Ẹ̀rí mẹ́rin wo ni a fi mọ̀ pé ọbabìnrin Saba’ kọ́ ni ó wà ní Òkè-Èrí?
3. Kí ni ìyàtọ̀ láàrín ẹni tí ó lọ wo Erédò àti ẹni tí ó lọ tọrọ ọmọ ní ìdí sàréè?
4. Rak‘ah mélòó ni a ó kí Zuhr lẹ́yìn lèmọ́mù Ìjẹ̀bú-Òde? Kí ni ìdí rẹ̀?
5. Arábìnrin kan nínú àdúgbò rẹ ń wá ọmọ, ó sì fẹ́ bá yín lọ. Kí ni ìwọ yóò sọ fún un?

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ojú tí ń wò àti ọkàn tí ń ronú. Kí Ó dá ìgbàgbọ́ wa sí mímọ́ kúrò nínú ẹbọ, èyí tí ó hàn àti èyí tí ó pamọ́. Kí Ó fún àwọn tí ń wá ọmọ ní ọmọ rere. Kí Ó mú wa lọ, kí Ó mú wa bọ̀ ní àlàáfíà. Āmīn.